Ìgbín Ilé Akíntọ́lá

Bí pásítọ̀ bá ní kí gbogbo ìjọ dijú, Hannah Akíntọ́lá a di ọ̀kan. Èkejì a là sílẹ̀ díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi òkúta há, kó lè máa rí báàgì rẹ̀ àti igbá ọrẹ. Kì í ṣe pé kò nígbàgbọ́ o. Obìnrin tó ń jí gbàdúrà kí àkùkọ tó kọ ni. Ṣùgbọ́n ó ní Olúwa fúnra Rẹ̀ ló fi ìṣọ́nà ṣáájú àdúrà, ta ni òun tí òun yóò dá a padà sẹ́yìn?

Bó ṣe gbé ayé rẹ̀ nìyẹn ní Ìṣẹ́ Èkìtì, láti ìgbà tí Gabriel ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ẹ wá láti Èmùré. Bí ẹni tó ń ra kòkó bá gbé ìwọ̀n rẹ̀ dé, Hannah fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gun orí rẹ̀, nítorí ó mọ bí òun ṣe wúwo tó. Bí ìwọ̀n bá ti purọ́ mọ́ ọn, kòkó kò ní gun ún. Bí ẹnìkan bá gbé gàrí wá fún un lọ́fẹ̀ẹ́, yóò dúpẹ́, yóò sì béèrè ohun tó ṣe gàrí náà. Ọmọ méjì ló bí. Motọ́lání wà nílé ọkọ ní Àkúrẹ́. Lékan, tó ti pẹ́ ní Èkó, padà wálé lẹ́yìn ìsìnkú baba rẹ̀, ó sì ń wa takisí láàrin Ìṣẹ́ àti Ìkẹ́rẹ́. Àwọn méjèèjì a máa fi ìyá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí áńgẹ́lì bá kan ilẹ̀kùn, Mọ́mì á ní kó kọ́kọ́ sọ orúkọ ìyá rẹ̀.

"Kí ló burú ńbẹ̀?" ni Hannah a wí. "Áńgẹ́lì rere á mọ̀ ọ́n sọ."

Ohun tó ń ṣọ́ jù lọ kì í ṣe báàgì. Oko kòkó ni, èyí tó wà ní ahoro, níbi tí àwọn ará ilé Akíntọ́lá gbé láyé ogun kí wọ́n tó bọ́ sínú ìlú. Ilé kankan kò sí níbẹ̀ mọ́. Àpáàdì ló kù, àti pèrègún tí wọ́n gbìn síbi tí ẹni àkọ́kọ́ dúró sí, tó ti ya títí tó fi fẹ́ di igbó. Òfin ibẹ̀ kò fara sin fún ẹnikẹ́ni: ilé tí ẹni tirẹ̀ bá kọ́kọ́ tẹ ahoro dó ló ni ilẹ̀ tó yí i ká. Láti ìgbà tí Gabriel ti kú ni Alàgbà Ọlájídé, tí òun àti Hannah jọ wà nínú ìjọ kan, tó sì ń jókòó síwájú pátápátá, ti ń sọ pé baba ńlá tòun ló tẹ ibẹ̀ dó. Ó ti mú un dé ààfin. Ààfin ní kí ilé méjèèjì lọ tọ́jú ìtàn wọn, àwọn yóò gbọ́ ọ. Oko tó rán ọmọ méjèèjì níléèwé wá di ohun tí ẹnu lè gbà lọ.

Àkókò tí ọ̀rọ̀ wà báyìí ni bọ́ọ̀sì yunifásítì wọ àdúgbò.

Hannah ń yí kòkó lórí ẹní níwájú ilé. Ó rí i pé bọ́ọ̀sì náà kò yà sọ́dọ̀ òun. Iwájú ilé Alàgbà Ọlájídé ló ti dúró, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ jáde, ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn, ẹ̀pà wà lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí wọ́n jẹ ẹ̀pà yẹn tán ni wọ́n tó rántí pé opó kan wà ní òdìkejì ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá," ni ọkùnrin tó ṣáájú wọn wí, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. "Dókítà Fámúyìwá ni mí, láti yunifásítì ní Ìkẹ́rẹ́."

"Ara mi dá, Dókítà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Dókítà ìtàn ni, Màmá. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń darí."

"Háà. Ìtàn ló wá ń ṣàìsàn?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn kò bínú. "Ó ń ṣàìsàn o, Màmá. Àwọn ọmọ wa mọ ogun òyìnbó látòkè délẹ̀, wọn ò mọ bí Ìṣẹ́ ṣe di Ìṣẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀ka wa ni láti gbọ́ tẹnu àgbà kí ẹnu náà tó dákẹ́. Ìgbàrà-Odò la lọ lọ́dún tó kọjá. A ó gba ohùn yín sílẹ̀, kí ọmọ-ọmọ yín lè gbọ́ ọ. A kì í dájọ́ o."

"Ẹni tí kì í dájọ́, ta ló ń kó ẹ̀rí jọ fún?"

Dókítà Fámúyìwá yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn? Ẹ máa rò ó."

Èyí kò tẹ́ Hannah lọ́rùn. Èèyàn tí wọ́n bú tó ń dúpẹ́, ó ní ohun tó ń wá. Ó béèrè orúkọ ìyá rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ ọ́, ó ní ará Àfàó ní Ìkẹ́rẹ́ ni. Hannah wá inú orí ara rẹ̀ bóyá ìyàwó Alàgbà Ọlájídé kò ní ẹbí ní Àfàó. Kò rántí ìkankan, ṣùgbọ́n pé òun kò rántí kò ní kó máà sí.

"Màmá," ni Dókítà wí, "ẹran wo ni ọdẹ yẹn ń tọpa tó fi dé ahoro?"

Hannah wò ó. Òun kò tíì sọ pé ọdẹ kankan wà. Ọkùnrin yìí ti mú ọdẹ tirẹ̀ dání wá, ẹran nìkan ló kù tó ń wá. Níbo ló ti rí ọdẹ bí kò ṣe níbi tí wọ́n ti jẹ ẹ̀pà? Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí i nínú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ihò tí eku ń gbà, ṣe ni yóò ku eérú sílẹ̀, kó wá padà wo ẹsẹ̀ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́.

"Ajá ni," ó wí. "Ajá rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀. Ibi tó ti lá omi ni wọ́n gbin pèrègún sí."

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà láàrin wọn tó ń jẹ́ Peace. Nígbà tí àwọn yòókù ń ya fọ́tò, òun tẹ̀lé Hannah lọ sẹ́yìn ilé, ó ká apá aṣọ sókè, ó sì ń bá a yí kòkó láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Hannah fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó túbọ̀ fura sí i.

"Wò ó," ó sọ fún un pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "ajá yẹn, ti àwọn ọkùnrin ni. Ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ abiyamọ. Má sọ fún ọ̀gá rẹ o."

Kí ó má baà jẹ́ pé àlejò nìkan ló ń dán wò, ó fi ti ọ̀rẹ́ kún un. Ìyá Adérẹ̀mí ni alábàádúrà rẹ̀, láti ìgbà tí àwọn ọmọ wọn ti wà lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ náà ní etí àti ẹnu bíi ti gbogbo ayé. Lọ́sàn-án ọjọ́rú, lẹ́yìn àdúrà wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, Hannah sún mọ́ ọn, ó ní àgbò ni, àgbò funfun báláú. Lékan wà nínú pálọ̀ lẹ́yìn wọn, ó na ẹsẹ̀ sórí àga, ó ki fóònù bọ ṣájà.

Ó parí. Ajá fún ọ̀gá, ewúrẹ́ fún ọmọbìnrin, àgbò fún ọ̀rẹ́. Èyí tó bá jáde lẹ́nu Alàgbà Ọlájídé ni yóò jẹ́wọ́ ẹni tó gbé e lọ. Hannah bá fọwọ́ lẹ́rán.

Kò pẹ́ rárá. Lẹ́yìn ìpàdé ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n ṣe ń pín búrẹ́dì àti ohun mímu, Alàgbà Ọlájídé nà tán lórí àga, ó ń bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ ahoro.

"Àgbò ni baba ńlá wa tẹ̀lé débẹ̀," ó wí. "Àgbò funfun. Ọ̀rọ̀ ulé wa nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó jáde o."

Hannah gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo Ìyá Adérẹ̀mí, tó ń há búrẹ́dì kiri tẹ̀rín-tẹ̀rín bí ẹni tí kò ta ẹnikẹ́ni rí. Hannah gbé báàgì rẹ̀, ó bá ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde.

Nígbà tí ọjọ́rú pé, òun nìkan ló jókòó sínú ilé. Ìyá Adérẹ̀mí wá kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá Motọ́lání! Ṣé kò rẹ̀ ọ́?"

"Mò ń gbàdúrà."

"Ṣebí àwa méjèèjì la jọ ń gbà á."

"Ọlọ́run ń gbọ́ ti ẹnìkan náà."

Ìyá Adérẹ̀mí dúró díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, bàtà rẹ̀ ń dún lọ.

Peace ló tún wá lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n rán an láti wá pe Hannah sí Ọjọ́ Ìtàn. Ó ní lọ́dọọdún ni ẹ̀ka àwọn ń pe àwọn àgbà láti ìlú gbogbo kí wọ́n wá sọ ìtàn wọn nínú gbọ̀ngàn, Alàgbà Ọlájídé náà yóò sì wá. Nígbà tó jíṣẹ́ tán, kò lọ.

"Màmá, ẹ sọ fún ọ̀gá wa pé ajá ni. Ẹ sọ fún mi pé ewúrẹ́ ni."

"O ti wá sọ fún un? Mo ṣe bí mo ní kí o má sọ."

"Iṣẹ́ wa ni, Màmá. Ohun tí kálukú bá gbọ́, orí tábìlì kan la ń kó o sí, a ó wá jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ìkankan sápò. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jáde ní yàrá yẹn títí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ yóò fi gbà. Ẹni tó bá gbé e jáde, ó ti bá ẹ̀ka wa jà nìyẹn."

Hannah rò ó. Òótọ́ ni pé ajá kò tíì gbó níta, ewúrẹ́ kò sì tíì ké.

"Bí ọ̀rọ̀ bá wá jáde ńkọ́?" ó béèrè, bí ẹni tí kò kàn. "Báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tó gbé e?"

"Ọ̀gá kọ́ wa pé ká má wo ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún nìkan. Ká béèrè gbogbo ẹni tó wà nítòsí nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́."

Hannah lanu láti sọ pé àwọn méjì péré làwọn wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ bá lọ sí fèrèsé pálọ̀, èyí tó ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wáyà ṣájà Lékan ṣì rọ̀ lára rẹ̀.

Obìnrin yìí ti fura sí gbogbo èèyàn láyé rẹ̀, ká má purọ́, ó sì ti gbádùn rẹ̀. Èyí kò ní adùn kankan. Nígbà tí Peace lọ tán, ó kúnlẹ̀, ó gba àdúrà kan tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò dára: kí Olúwa jọ̀wọ́ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀rẹ́ òun ló gbé àgbò lọ.

Ó gún iyán fún Lékan lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi ẹran sí i dáadáa, ó sì jókòó tì í.

"Lékan, ìwọ ni àrólé. Àgbò tó o bá gbọ́ pé mo sọ yẹn, mo fi tan Ìyá Adérẹ̀mí ni."

Òkèlè dúró lọ́wọ́ Lékan. Kò béèrè pé àgbò wo. "Kí wá ni, Mọ́mì?"

"Ìgbín ni."

"Ìgbín?"

"Ìgbín ni. Ibi tí ìgbín bá forí lé, ibẹ̀ tutù, omi wà níbẹ̀. Ọdẹ yẹn tọ ìlà itọ́ rẹ̀ lórí àpáta títí ó fi dé ahoro. Ẹ̀rọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ọmọ tó bá ti bá baba rẹ̀ lọ oko dáadáa yóò ti bú sẹ́rìn-ín. Lékan mi orí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì gbé òkèlè mì. Ìyá rẹ̀ ni ara kò gba oúnjẹ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ọjọ́ Ìtàn, Lékan ló fi takisí gbé wọn lọ sí Ìkẹ́rẹ́, Alàgbà Ọlájídé níwájú, ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó títí dé ojú fèrèsé, àpáta Olósùnta ń wò wọ́n láti òkèèrè. Àwọn tó ti jáde ní ẹ̀ka náà tipẹ́ padà wá, wọ́n ń di mọ́ ara wọn, wọ́n ń pe Dókítà Fámúyìwá ní Baba. Ṣe ni ibẹ̀ dà bí ìjọ, Hannah sì mọ ìjọ: ó di báàgì rẹ̀ mú.

Nígbà tó kan Alàgbà Ọlájídé, ó dìde, ó tún agbádá ṣe.

"Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé," ó wí, "àwọn kan ti gbọ́ lẹ́nu mi pé àgbò ni. Mo fi bo àṣírí ni. Lónìí, n ó sọ òtítọ́ tí ulé wa ti pa mọ́ láti ayébáyé. Ùgbín ni!"

Ó nawọ́ síwájú bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà.

"Baba ńlá wa, ọdẹ tí ẹranko ń bẹ̀rù, tọpa ùgbín kan láti òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ùgbín níwájú, baba lẹ́yìn..."

Bàbá arúgbó kan láti Ìgbàrà-Odò gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dákun, Alàgbà. Ọdún wo ni wọ́n gbéra, ọdún wo ni wọ́n dé?"

Ẹ̀rín gba ibẹ̀ kan. "Àbí ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́ ni?" ni ẹlòmíràn kígbe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ojú fèrèsé fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

Dókítà Fámúyìwá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ariwo rọlẹ̀, ó wá béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Bàbá, lẹ́nu ta lẹ ti gbọ́ ọ?"

"Lẹ́nu... lẹ́nu baba mi."

Ṣùgbọ́n kí ẹnu rẹ̀ tó dáhùn, ojú rẹ̀ ti lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí Lékan dúró sí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn ń nu omijé ẹ̀rín. Hannah, tí kì í di ojú méjèèjì, rí i.

Wọ́n pe òun náà. Ó dìde, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Ilé Akíntọ́lá kì í sọ tiwọn nínú gbọ̀ngàn. Nídìí pèrègún ni òbí ti ń sọ ọ́ fún ọmọ. Ẹ jẹ́ ká pàdé níbẹ̀. Lékan ọmọ mi ni yóò ṣíwájú yín."

Alàgbà Ọlájídé wá ọkọ̀ mìíràn bá lọ sílé. Bí Hannah àti Lékan ṣe fi Ìkẹ́rẹ́ sílẹ̀, Lékan yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

"Èmi kò dé ilé Alàgbà. Ìgbín kò sì lè rìn tó bẹ́ẹ̀. Ta ló gbé e débẹ̀?"

Lékan ya ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa á. "Wọ́n ní bí ààfin bá dá a fún àwọn, àwọn á gé díẹ̀ níbẹ̀ fún mi. Ọkọ̀ yìí ti ń kú lọ."

"Wọn yóò gé nínú ilẹ̀ rẹ fún ọ. Wọ́n mà ṣeun o."

"Ilẹ̀ mi? Kí ni mo mọ̀ nípa rẹ̀? Bàbá ò sọ fún mi. Ẹ̀yin náà ò sọ. Àtìgbà tí mo ti dé lẹ ti ń wò mí bí ẹni tó wá jalè. Ká ní mo mọ ohun tó jẹ́ ni, Mọ́mì, ǹjẹ́ mo lè bá wọn nájà rẹ̀?"

Lórí àkéte àìsàn ni Gabriel ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún Hannah, ó ní, "Bá mi pa á mọ́ fún Lékan." Ó sì ti pa á mọ́ dáadáa, títí tí ẹni tó ni ín kò fi rí i mọ́.

"Wa ọkọ̀ ká lọ," ó wí níkẹyìn. "Pọ́n àdá sílẹ̀."

Kó tó di ọjọ́ ahoro, ó gbé iṣu ńlá kan lọ sọ́dọ̀ Ìyá Adérẹ̀mí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé.

"Ìyá Adérẹ̀mí, mo ṣẹ̀ ọ́. Àgbò yẹn..."

"Urọ́ ni. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ọdẹ wo ló ń tọpa àgbò? Ta ló sọ ọ́ nù nínú ugbó?"

"O mọ̀, o ò sì sọ?"

"Mo ní kí n jẹ́ kó tẹ́ ọ lọ́rùn. Ìgbà tó o wá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi ni ó dùn mí." Ó gba iṣu náà, ó gbé e wò. "Ẹyọ kan yìí kò tó o. Wọlé, ká gbàdúrà."

Bọ́ọ̀sì yunifásítì dúró síbi tí ọ̀nà ọkọ̀ parí sí, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn yòókù. Lékan ló ń ṣán ọ̀nà níwájú, àdá ti ń bó o lọ́wọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Dókítà Fámúyìwá ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pín omi kan mu, wọ́n ń fi ìgbín ṣẹ̀fẹ̀, títí wọ́n fi dé ìdí pèrègún.

"Pa nǹkan yẹn ná," ni Hannah sọ fún Peace, tó mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn dání. Ó fa Lékan wọ abẹ́ pèrègún, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí. Ó pẹ́ díẹ̀. Àwọn tó dúró kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n rí i bí Lékan ṣe sọ àdá sílẹ̀.

"Ó yá, tàn án," ni Hannah wí. "Ẹni tó ni ín ni yóò sọ ọ́."

Lékan fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Kò sí ọdẹ," ó wí. "Kò sí ẹran kankan. Obìnrin ni. Ogun lé e kúrò nílé, ó pọn ọmọ, ara ọmọ náà sì ń gbóná. Ibí yìí ni ara ọmọ ti tutù, ibí yìí náà ló jókòó sí. Ọ̀pá pèrègún tó ń tì bọ̀ ló gún mọ́lẹ̀, ọ̀pá náà sì hù. Àwọn ọkùnrin ilé wa ló ń bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí ará ìlú bá gbọ́ pé obìnrin ló tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n á gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wa. Ọmọ tó pọ̀n yẹn ló bí wa." Ó gbé ojú sókè. "Dókítà, ẹ gbé ohùn mi dé ààfin. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu èmi àrólé, pé ilé Akíntọ́lá kò ní tà á, wọn kò sì ní gé e fún ẹnikẹ́ni."

Dókítà Fámúyìwá ló wá súnmọ́ Hannah.

"Màmá, kí ló wá dé tí ẹ fi sọ fún mi pé ajá ni?"

"Ẹ̀yin lẹ béèrè ẹran. Ẹ ò béèrè bóyá ẹran wà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà pé òun jẹ̀bi. "A ó tún béèrè lẹ́nu ẹlòmíràn o, Màmá. Ẹ má bínú. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn."

"Ẹ lọ béèrè. Bí ẹ bá gbà mí gbọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà, èmi gan-an á fura sí yín."

Peace ló ní kí àwọn gbàdúrà kí àwọn tó padà, ó sì ní kí gbogbo wọn dijú. Hannah di ọ̀kan. Ó fi èkejì wá ọmọ rẹ̀. Lékan náà la ọ̀kan sílẹ̀, ó ń ṣọ́ pèrègún.